Bí aládùúgbò ṣe lè ṣọ́ igbó ìlú, kí wọ́n sì máa ṣọdún nínú rẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún ará Èkìtì

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igbó kan ní olùtọ́jú, ẹ má wo pátákó tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ọ̀nà náà bá mọ́, tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ kunná, tí ẹ rí ibi tí àwọn ìyá ti já ewé eéran láàárọ̀, igbó yẹn ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí koríko bá ti bo ọ̀nà ẹsẹ̀, tó jẹ́ ipa táyà ọkọ̀ agbégẹdú nìkan ló kù nínú ẹrẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ẹlòmíì ti gba igbó yín lọ́wọ́ yín, ẹ kò tíì mọ̀ ni.

Ẹ̀yìn ìlú wa, ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, níbi tí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n ti ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni mo ti kọ́ ohun tí mo kọ síbí. A ṣe àṣìṣe tó pọ̀, mo sì máa sọ wọ́n bí mo bá dé ibẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: ìṣọ́ àti ọdún kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Igbó tí èèyàn ń wọ̀, tó ń jẹ nínú rẹ̀, tó ń jó nínú rẹ̀, olè á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ẹ̀rọ ìgégi wọ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tó ni igbó

Nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń pè ní igbó lásán ní Èkìtì. Igbó ìjọba wà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní rìsáfù: igbó Ìsẹ̀, igbó Ògbèsè àti igbó Arámọkọ wà lára wọn. Abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n wà, ìwé àṣẹ sì ni onígẹdú gbọ́dọ̀ ní kó tó gégi nínú wọn. Igbó ìlú tàbí igbó òrìṣà tún wà, tí ọba, àwọn ìjòyè àti àwòrò ń bójú tó. Igbó ìdílé wà, ilẹ̀ baba ńlá tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko sí. Lẹ́yìn náà ni ibi ìgbafẹ́, bíi Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tàbí omi Àrìnta tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ìpòlé-Ìlórò, tí igbó sì yí wọn ká.

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, kó máa dì í mú fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún olórí ìdílé tí bàbá rẹ̀ sin sí etí igbó yẹn, ẹ ó rí èsì. Nítorí náà, ibi méjì ni kí ẹ lọ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sìrì, ẹ bèèrè bóyá igbó náà wà nínú ìwé ìjọba, kí wọ́n sì fi ààlà rẹ̀ hàn yín lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ sì lọ bá àwọn àgbà tó ti bá baba wọn roko lẹ́bàá ibẹ̀. Níbi tí ìwé kò bá sí, ẹ wá pèrègún. Àwọn baba wa kì í gbin pèrègún lásán. Bí ẹ bá rí i tó tò lọ nínú igbó níbi tí ilé kankan kò sí, ààlà ni.

Bí ìlú méjì bá ń jà sí ààlà igbó náà, ẹ má tíì dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọba méjèèjì kọ́kọ́ jókòó. Ẹgbẹ́ aládùúgbò tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjà ààlà, ohun ìjà ni wọ́n máa sọ ọ́ dà.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn tó ń jẹ nínú igbó ni kí ẹ kọ́kọ́ pè

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí a ṣe, gbọ̀ngàn ilé-ìwé la ti ṣe é. Àwọn olùkọ́ wá, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wá, pásítọ̀ méjì wá. A gbàdúrà, a yan alága, akọ̀wé àti akápò, a kọ ìpinnu mẹ́wàá sílẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì tó dùn-ún gbọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gé igi apá ńlá kan tó wà létí odò. Ọmọkùnrin tó di ẹ̀rọ mú, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé alága wa. Nígbà tí a bi í, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ ṣèpàdé. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé ni.” Alága wa kò rí èsì fún un.

Láti ọjọ́ yẹn la ti mọ̀ pé inú igbó ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ, ká tó dé ìgboro. Àwọn ìyá tó ń já ewé eéran fún àwọn olóúnjẹ ló ṣáájú. Àwọn tó ń ṣa ìgbín lóru nígbà òjò tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni ọdẹ, ẹlẹ́mu, àwọn lékuléja tó ń wá èèpo igi àti egbò, àwọn tó ń fi iná lé oyin, àwọn olókokòkó tó bá igbó pààlà, àwọn ọmọ tó ń bá onígẹdú ṣiṣẹ́, àti àwọn darandaran. Fún àwọn ìkẹyìn yìí, ọ̀dọ̀ olórí wọn ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹ lè rò pé ọ̀tá igbó ni àwọn kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi rò nígbà kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ igbó lójoojúmọ́ nìkan ló lè sọ fún yín pé àjèjì ti wọ ibẹ̀.

Ẹ má ránṣẹ́ pè wọ́n sí gbọ̀ngàn. Ẹ lọ bá ọdẹ lọ́jọ́ ìpàdé ọdẹ, ẹ lọ bá àwọn ìyá nígbà tí wọ́n bá ti ọjà dé tí wọ́n ti sinmi, ẹ lọ bá ẹlẹ́mu ní ibùjókòó ẹmu (kò pọn dandan kí ẹ mu). Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: Kí lẹ ń rí mú níbẹ̀? Kí ló ti dín kù? Ta lẹ máa ń bá pàdé níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀? Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé tẹ́lẹ̀, apẹ̀rẹ̀ òun máa ń kún fún ewé kí oòrùn tó mú. Nísinsìnyí, ọ̀sán á pọ́n, apẹ̀rẹ̀ kò ní kún. Abẹ́ ibòji ni ewé eéran ń gbé. Igi ńlá kan wó, oòrùn wọlé, ewé sá lọ. Ìyá yẹn kò ka ìwé kankan nípa igbó, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi ohun tí igi kan ṣoṣo tí wọ́n gé ń bàjẹ́.

Ẹ̀yìn èyí lẹ tó lọ sí ààfin. Ẹ mú obì lọ, kí àgbà ọdẹ kan àti ìyá kan wà láàárín yín, kí Kábíyèsí lè rí i pé kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ló dé. Ẹ má tọrọ owó. Ohun tí ẹ máa tọrọ ni akéde tí yóò lu agogo kéde yín, àti ìjòyè kan tí yóò máa bá yín jókòó. Owó ọba lè tán. Ẹnu ọba kì í tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ẹsẹ̀ yí igbó ká

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ẹ yí ààlà igbó ká látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló dáa jù, nígbà tí koríko kò ga sí i mọ́ tí iná kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú di. Ní Oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì yìí, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní agbègbè Ẹ̀mùrẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹ má wọ igbó láìsí ọdẹ ìlú. Ẹ sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìpínlẹ̀ wa ti ní láti ọdún 2020, ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ibi tí ẹ máa gbà jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sílé pẹ̀lú àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo yín. Bí aago tí ẹ dá bá kọjá, kó pariwo.

Fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ kún ti tó. Ẹ wa àwòrán ilẹ̀ agbègbè yín jáde (“download”) láti Google Maps sórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Ojú sánmà ni fóònù ti ń mọ ibi tó wà, kì í ṣe lára òpó tẹlifóònù. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tó ṣe pàtàkì, ẹ fi ìka tẹ àmì ibi tí ẹ dúró sí lójú àwòrán náà mọ́lẹ̀, ẹ da nọ́ńbà méjì tó bá jáde kọ sínú ìwé. Ibi tó ṣe pàtàkì ni òkúta ààlà, pèrègún, orísun omi, igi tó ju ìgbámọ́ra èèyàn mẹ́ta lọ, kùkùté tuntun, àti ọ̀nà ọkọ̀ tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ igi bí àgbà ṣe pè é. Ọdún kejì tí ẹ bá tún yípo lẹ máa rí ìwúlò ìwé yìí.

Bí ẹ bá rí kùkùté, ẹ wò ó dáadáa. Igi tí wọ́n gé lọ́nà òfin nínú igbó ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sìrì máa ń fi òòlù lu òǹtẹ̀ sára rẹ̀. Kùkùté tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò lè fi kún un. Ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń jẹ́ Global Forest Watch, ọ̀fẹ́ ni. Sátẹ́láìtì ló ń lò, ó sì lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín bí igi bá pòórá níbi tí ẹ fa ilà sí. NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, náà ní FIRMS tó ń fi iná hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e ju bó ṣe yẹ lọ: ìkùukùu òjò máa ń bo ojú sátẹ́láìtì, igi kan péré tí wọ́n gé lábẹ́ ibòji kò sì ní hàn. Ìyá eléwé ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òfin díẹ̀, tí ẹnu kò lórí rẹ̀

Òfin márùn-ún ti pọ̀ tó. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni kó ṣe é, kí ẹgbẹ́ wulẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá tiwa ló sọ pé ọ̀bẹ ni kí wọ́n máa fi gé ewé, kí ẹnikẹ́ni má fà á tu. Àwọn aṣàgbín ló ní kí wọ́n fi èyí tí kò tíì tó ìkúùkù ọmọdé sílẹ̀. Àwọn ọdẹ ló pẹ́ jù kí wọ́n tó gbà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni òfin máa dùn jù.

Ẹ ṣàlàyé fún ọdẹ láìfi ìwọ̀sí kún un. Akíka, fún àpẹẹrẹ, ọmọ ẹyọ kan ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè sáré: yóò ká ara rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé e bí òkúta. Láti ọdún 2017 ni òfin àjọṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ti fi òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn léèwọ̀ pátápátá, nítorí ìpẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á tán. Inàkí náà ṣì wà nínú igbó Ìsẹ̀, ní Èkìtì wa níbí; ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ni kò mọ̀. Arábìnrin Rachel Ashegbofe Ikemeh, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn inàkí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wọ ibẹ̀, gba ẹ̀bùn Whitley, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, lọ́dún 2020. Nígbà tí mo sọ èyí fún àgbà ọdẹ wa, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, èmi ti gbọ́ igbe wọn rí ní kékeré. Mo rò pé wọ́n ti tán.” Ọdẹ tó bá ti gbọ́ igbe inàkí rí kò nílò ìwàásù mi.

Ní ti ìtanràn, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀yin kọ́ ni ilé-ẹjọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ lu ẹnikẹ́ni, ẹ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀rọ tàbí ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ ìlú bá rú òfin, ẹ mú un lọ síwájú ìjòyè. Iṣẹ́ ìlú, bíi ríro ọ̀nà odò, ń dun èèyàn ju owó lọ, kò sì sí àpamọ́wọ́ tí yóò dá ìjà sílẹ̀. Bí àjèjì bá ni tàbí tó jẹ́ igi gẹdú, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sìrì àti ọlọ́pàá ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iná ọyẹ́

Iná kan lóru kan lè ba ohun tí ẹ ṣe lọ́dún márùn-ún jẹ́. Iná kì í sábà ti inú igbó bẹ̀rẹ̀. Etí oko ló ti ń wá, láti ọwọ́ ẹni tó ń sun ilẹ̀, ẹni tó ń lé oyin, ẹni tó ń lé ọ̀yà jáde nínú pápá. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ewé gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àríwá, iná tó yẹ kó kú létí ebè á sáré gun òkè. Ní Èkìtì wa tó jẹ́ kìkì òkè, iná máa ń yára gùn ju bó ṣe ń sọ̀ lọ, nítorí ooru rẹ̀ ń gbẹ koríko tó wà lókè kí ọwọ́ iná tó kàn án.

Ìparí Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ pe ọ̀wẹ̀. Etí igbó tó kọjú sí oko àti pápá ni kí ẹ ti la ilà iná, kó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin. Èyí jẹ́ nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà márùn-ún. Ẹ gé koríko, kí ẹ gbá ewé kúrò, kí ẹ ha ilẹ̀ títí erùpẹ̀ pupa á fi hàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣì í ṣe nìyí: wọ́n á gé koríko, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó á gbẹ, ó á wá di àkísà elépo fún iná. Apá inú igbó ni kí ẹ gbá a sí, kí ẹ fọ́n an ká. Bí tíìkì bá wà nítòsí, ẹ tún padà wá ní Oṣù Kìíní, nítorí gbogbo ewé rẹ̀ ló máa já bọ́ sórí ilà yín.

Ẹ bá àwọn olóko tó wà létí igbó ṣe àdéhùn: ẹni tó bá fẹ́ sun ilẹ̀, kó sọ fún ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kó sun ún ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti rọ̀, kí èèyàn mẹ́ta sì dúró tì í pẹ̀lú omi àti ewé ọ̀pẹ tútù. Ẹ má fi òfin ẹ má-sunko dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n á sun ún lóru, ìyẹn ló burú jù. Bí iná bá ti ré ilà kọjá, ẹ má dúró níwájú rẹ̀ láé, ẹ má sì dúró lókè rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa pa á. Ẹni tí kò bá ní bàtà, tàbí tó wọ aṣọ ọ̀rá, kó lọ máa pọnmi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbin igi padà

Mo fẹ́ràn apá yìí jù, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ má kánjú gbin nǹkan kan. Bí ìyá igi bá ṣì wà nínú igbó, tí iná kò wọ ibẹ̀, tí màlúù kò tẹ ibẹ̀, igbó á fúnra rẹ̀ hù. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ gé ìtàkùn kúrò lórùn àwọn ọmọ igi, kí ẹ sì ro ewé Akíntọ́lá kúrò nídìí wọn. (Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹ yan èyí tó bá ẹgbẹ́ yín mu.) Ibi tó ti di àlàfo gbalasa nìkan ló nílò gbígbin.

Igi ilẹ̀ yìí ni kí ẹ gbìn. Tíìkì àti mẹlíná wúlò fún oko igi, ṣùgbọ́n láti Éṣíà ni wọ́n ti wá. Bí ẹ bá fi wọ́n dí àlàfo inú igbó, oko pákó lẹ gbìn síbẹ̀ yẹn. Ẹ wá arère, àfàrà, ìdígbò, ọ̀mọ̀, apá, ọ̀ganwó, àti àwọn tí èèyàn ń jẹ èso wọn: àgbálùmọ̀, orógbó, òro. Igi eléso ni ará ìlú máa ń ṣọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ìrókò nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń fẹ́ gbin ìrókò, wọ́n á gbin ọgọ́rùn-ún sójú kan, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, orí wọn á wú kókó-kókó, á rà, á kú. Ayé kọ́ ló ṣe é. Kòkòrò kan tí kò ju iná orí lọ ló ń yé sára ewé ọ̀mùnú rẹ̀. Ewé á wú bo ọmọ kòkòrò náà mọ́lẹ̀, nígbà tó bá la, ọ̀mùnú ti bàjẹ́. Bí ìrókò bá pọ̀ lójú kan nínú oòrùn gbangba, kòkòrò náà á máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹ fọ́n ìrókò káàkiri, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín igi mìíràn, níbi tí ibòji díẹ̀ ti kàn án. Bó ṣe ń hù nínú igbó náà nìyẹn.

Hóró àgbálùmọ̀ àti ti arère kì í pẹ́ kú. Ẹ gbìn wọ́n sínú ọ̀rá láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ṣà wọ́n. Ní ìhà Mọ̀bá àti Ìkọ̀lé, tí ilẹ̀ ti ń súnmọ́ ọ̀dàn, tí ẹ bá fẹ́ gbin igi igbá, hóró rẹ̀ le bí òkúta: ẹ gbé omi híhó kúrò lórí iná, ẹ da hóró sí i, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí kò sì ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ sábẹ́ ìyá igi lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kí ẹ fi ṣọ́bìrì wú àwọn ọmọ rẹ̀ tó hù fúnra wọn pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí wọn. Ẹ gé ìdajì ewé kúrò, ẹ tọ́jú wọn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ fún oṣù kan tàbí méjì.

Oṣù Kẹfà ni kí ẹ gbé wọn lọ sójú ilẹ̀, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá fi mítà mẹ́ta sí àárín igi àti igi, hẹ́kítà kan á gba nǹkan bí igi 1,111. Èyí pọ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Ẹ gbin àádọ́ta, kí ẹ sì ro ìdí wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́. Mo ti rí ibi tí àwọn ẹni ńlá ti wá gbin igi níwájú kámẹ́rà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo padà kọjá níbẹ̀, pátákó orúkọ wọn nìkan ló dúró.

Ìgbésẹ̀ keje: ọdún igbó

Ará Adó ti mọ ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń ṣe Udírókò, ọdún tí wọ́n fi ń wọ ọdún tuntun, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ni ìdí ìrókò: “udí” ni Èkìtì ń pe ìdí. Abẹ́ igi ni ìlú ti pàdé. Ẹ kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí Òyìnbó.

Ọjọ́ tí ẹ máa yàn: àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ya 21 Oṣù Kẹta sọ́tọ̀ fún igbó, 5 Oṣù Kẹfà wà fún àyíká, àwọn olólùfẹ́ inàkí sì ní 14 Oṣù Keje. Èmi fara mọ́ 5 Oṣù Kẹfà, torí ilẹ̀ ti rọ̀, a lè gbin igi lọ́jọ́ náà kó sì yè. Ẹ rí i pé kò bọ́ sọ́jọ́ ọjà; bí ó bá bọ́ sí i, ẹ sún un, àwọn ìyá eléwé kò ní pa ọjà tì nítorí yín.

Bí tiwa ṣe ń lọ nìyí. Láàárọ̀ kùtù, àgbà ọdẹ á kó àwọn èèyàn wọ igbó ní ogún-ogún, láìsí orin, láìsí ariwo, kí wọ́n lè gbọ́ ẹyẹ. Á máa pe igi lórúkọ, á máa sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìdíje àwọn ọmọ: a ó to ewé mẹ́wàá sórí ẹní, ọmọ tó bá mọ orúkọ wọn jù ló gba ẹ̀bùn. Ọdún àkọ́kọ́, ọmọ ilé-ìwé olówó gọbọi kan mọ ẹyọ kan, ọmọ ẹlẹ́mu mọ mẹ́sàn-án. Bàbá rẹ̀ rìn bí ọba lọ́jọ́ náà, kò sì tíì pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ láti ìgbà yẹn. Lọ́sàn-án, ìta igbó la ti ń jẹun: iyán, ẹ̀fọ́, ọ̀ọ̀lẹ̀ tí wọ́n fi ewé eéran pọ́n, ọwọ́ àwọn ìyá eléwé la sì ti ń ra ewé náà. Ìjálá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìlù.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí gbohùngbohùn wọ inú igbó. Ẹ má ta omi inú ọ̀rá níbẹ̀. Ìkòkò omi àti igbá kò tíì tán nílùú. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí odò kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹran ìgbẹ́ wá sè, ì báà jẹ́ fún àlejò pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn á jáde. Pásítọ̀ á ní òun kò lè wá sí igbó òrìṣà, ààfáà á ní bẹ́ẹ̀ náà, àwòrò á ní ta ló pè wọ́n. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a pín ilẹ̀: apá tí ó jẹ́ ti òrìṣà, ti àwọn olóòṣà ni, ẹgbẹ́ kì í wọ̀ ọ́, kì í ṣe ètò kankan níbẹ̀, apá yòókù ni gbogbo ayé ń jó sí. Mo sì máa ń rán àwọn èèyàn wa létí odò Ọ̀ṣun. Ìgẹ̀dẹ́-Èkìtì níbí ni orísun rẹ̀. Igbó tí omi yẹn ń ṣàn gbà kọjá ní Òṣogbo, nǹkan bíi hẹ́kítà 75, ni UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Nígbà tí wọ́n ń gé e tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oko, Susanne Wenger, tó wá láti Austria, àti àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ìlú náà ni wọ́n mọ ère ńláńlá síbẹ̀ títí ojú gbogbo èèyàn fi wà lára rẹ̀. Bíríkìlà wà nílùú tiyín náà.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé lóru

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rọ ìgégi lóru, ẹ má lọ dínà. Àwọn tó ń gégi lóru lè mú ìbọn dání. Ẹ kọ aago tí ẹ gbọ́ ọ, ìhà tó ti ń dún, àti nọ́ńbà ọkọ̀ nígbà tó bá ń jáde sí títì. Ẹ pe òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sìrì, Àmọ̀tẹ́kùn àti ìjòyè yín, kí ó jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló pè, láti fóònù mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé òun kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so fọ́tò kùkùté mọ́ ọn, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ ìgbàwé lu ẹ̀dà tiyín. Nígbà kan, ọ́fíìsì kan sọ fún wa pé àwọn kò rí lẹ́tà wa. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ la gbé sórí tábìlì, wọ́n sì rí i lọ́jọ́ náà.

Ìwé ẹgbẹ́, ẹ má fi sílé alága. Tiwa wà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan lójú pópó, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé, kó ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, kó sì kọ ohun tó rí nínú igbó sí i.

Bí ó bá jẹ́ Oṣù Kọkànlá ni ẹ ń ka èyí, ẹ fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ ná. Ẹ lọ pọ́n àdá, kí ẹ pe ọ̀wẹ̀ ilà iná ní Sátidé tó ń bọ̀.